ỌLỌ, ÀKÁ ÀTI ÀMÌ OHÙN: ÀLÀYÉ LÓRÍ Ẹ̀YÀ ARA KỌ̀ǸPÚTÀ ÀTI BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢIṢẸ́

0.0 Ìfáàrà

Kò sí ẹ̀ka ìmọ̀ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa lónìí tí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, kò tíì wọ̀. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá kò yọ sílẹ̀. Orí rẹ̀ ni a ti ń kọ àpilẹ̀kọ wa. Inú rẹ̀ ni a sì ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn abẹ́nà ìmọ̀. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wa ni ó ń lò ó bí èrò ọkọ̀ tí kò mọ ohun tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ọkọ̀ bá ń lọ geere, kò sí ìyọnu. Ọjọ́ tí ó bá dákú sójú ọ̀nà ni a ó mọ̀ pé àìmọ̀ ní owó orí.

Ohun tí ó ṣe okùnfà àpilẹ̀kọ yìí kò ju ọ̀rọ̀ ojú ìwé ogójì lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí a ń ṣe iṣẹ́ àkànṣe fún oyè àkọ́kọ́, a gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan ní agbègbè Ọ̀yọ́. A dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, a sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń bá ni tẹ ìwé. Nígbà tí ìwé jáde, àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tí inú wọn ṣófo ni a rí ní ibi púpọ̀. Ọ̀rọ̀ bíi *bàtà* àti *ilé* kò ní àbùkù kankan, ṣùgbọ́n *ọkọ̀*, *ẹ̀kọ* àti *ọ̀rẹ́* ti di jágbajàgba. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí ẹ̀rọ fẹ́ ràn wá lọ́wọ́: ó pa gbogbo onígun mẹ́rin náà rẹ́, ó sì tọ́jú iṣẹ́ náà padà sórí ti àtijọ́. Fóònù tí a fi gba ohùn sílẹ̀ ti bàjẹ́ kí ó tó di ìgbà náà. Nígbà tí a ó fi padà dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, wọ́n ti sinmi. Títí di òní, àwọn ìlà kan wà nínú ẹkún náà tí a kò lè fi gbogbo ẹnu sọ bóyá *ọkọ* ni ìyá náà pè, tàbí *ọkọ̀*, tàbí *ọkọ́*.

Ta ni ó jẹ̀bi? Ṣé ìka wa ni, tàbí kíbọ́ọ̀dù, tàbí ibi tí ẹ̀rọ ń rántí nǹkan sí, tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé? Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà kò lè dá ẹjọ́ yìí. Ète àpilẹ̀kọ yìí, nígbà náà, ni láti ṣàlàyé àwọn ẹ̀yà náà àti iṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, *ọkọ̀*, láti ìgbà tí ìka bá ti kan bọ́tìnnì títí ó fi dé orí ìwé. Ní ìparí, a ó dá ẹjọ́ náà, a ó sì fi ìmọ̀ràn díẹ̀ síwájú àwọn olùkọ́ wa àti àwọn akẹgbẹ́ wa.

1.0 Ìtàn ní Ṣókí àti Ọ̀rọ̀ lórí Orúkọ

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Láàárín ọdún 1830 sí 1840, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Charles Babbage, ya àwòrán ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan tí yóò máa fi eyín irin ṣiṣẹ́. Ó kú ní ọdún 1871 láì parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pín in sí apá pàtàkì méjì. Apá tí nọ́ńbà yóò ti máa dúró ni ó sọ ní orúkọ ibi ìkẹ́rùsí. Èyí tí yóò máa ṣe ìṣirò ni ó sọ ní orúkọ ẹ̀rọ ìlọ-nǹkan. Ní èdè tiwa, àká àti ọlọ ni Babbage ń wí.

Ní ọdún 1946 ni wọ́n fi ENIAC han gbogbo ayé ní Yunifásítì Pennsylvania ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní gílóòbù oníná tí ó lé ní 17,000, ó sì gba odidi yàrá ńlá kan. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá fẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ mìíràn, wọ́n ní láti tú wáyà palẹ̀ kí wọ́n tún un tò. Ní ọdún 1945, John von Neumann ti kọ àbá kan jáde tí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà: kí a kọ àṣẹ iṣẹ́ sí ibi kan náà tí a kọ nọ́ńbà sí, kí ẹ̀rọ máa ka àṣẹ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń ka nọ́ńbà. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, ọdún 1948, ẹ̀rọ kékeré kan ní Manchester ṣe iṣẹ́ lọ́nà yìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kéré sí i, tí agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ṣì ń tẹ̀lé.

Nípa orúkọ, ó ti di àṣà láti máa pe apá tí ó ń ṣe ìṣirò ní "ọpọlọ" kọ̀ǹpútà. Èrò tiwa yàtọ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, ti fi hàn wá nínú ẹ̀ka ìmọ̀ tiwa pé a lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá pe ohun tuntun. Ṣùgbọ́n orúkọ tí kò bá bá ìwà mu a máa ṣi ni lọ́nà. Ọpọlọ a máa ronú, a máa mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ ìyàwó àti ọkọ́ ìroko. Apá kọ̀ǹpútà tí à ń wí kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Bí a bá da ata sórí ọlọ, yóò lọ ata. Bí a bá da ẹ̀gúsí sí i, yóò lọ ẹ̀gúsí. Bí a bá da yanrìn sí i, kò ní kọ̀. Nítorí náà, ọlọ ni a ó máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí.

2.0 Àwọn Ẹ̀yà Ara Kọ̀ǹpútà

Yálà kọ̀ǹpútà jẹ́ èyí tí ó jókòó sórí tábìlì, tàbí èyí tí à ń gbé sí itan, tàbí fóònù tí ó wà lápò wa, ẹ̀yà pàtàkì márùn-ún ni ó ní: ẹnu tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé, ọlọ tí ó ń ṣe iṣẹ́, ìrántí ojú-iṣẹ́, àká ìpamọ́, àti ojú tí èsì ń gbà jáde. Ọ̀nà tín-ín-rín tí iná mànàmáná ń tọ̀ ni ó so wọ́n pọ̀.

2.1 Ẹnu-ọ̀nà: Kíbọ́ọ̀dù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá tẹ bọ́tìnnì tí a kọ *k* sí lórí, lẹ́tà *k* ni kíbọ́ọ̀dù fi ránṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì ni wáyà wà ní ìbú àti ní òró, bí okùn àwọ̀n. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì kan, wáyà ìbú kan yóò kan wáyà òró kan. Ẹ̀rọ kékeré inú kíbọ́ọ̀dù tí ó ń ṣọ́ wọn yóò rí ibi tí wọ́n ti pàdé, yóò sì fi nọ́ńbà bọ́tìnnì náà ránṣẹ́. Ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà ni yóò wá wo àtẹ kan tí ó sọ pé, "bí bọ́tìnnì báyìí bá dún, lẹ́tà báyìí ni."

Èyí ni ó fà á tí kíbọ́ọ̀dù kan náà fi lè kọ Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀ kí ó sì kọ Yorùbá lálẹ́. Bí a bá ti pààrọ̀ àtẹ náà, bọ́tìnnì tí ó ń mú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan wá lè máa mú *ẹ* tàbí *ṣ* wá, òmíràn a sì máa gbé àmì ohùn lé orí fáwẹ̀lì. Ẹni tí ó bá ń sọ pé kọ̀ǹpútà òun "kò gbọ́ Yorùbá", àtẹ ni kò tíì yí.

2.2 Ọlọ àti Àwọn Tí Ó Ń Bá A Ṣiṣẹ́

Ọlọ ni àárín gbùngbùn iṣẹ́. Ara rẹ̀ kò ju èékánná tàbí ojú sítáḿpù lọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kún fún àwọn ilẹ̀kùn iná kéékèèké tí à ń pè ní tìràǹsísítọ̀, èyí tí wọ́n ṣe àwárí rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Bell ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1947. Nígbà tí Intel gbé 4004 jáde ní ọdún 1971, nǹkan bí 2,300 irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ti òde òní ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan lè ṣí, kí iná kọjá, tàbí kí ó tì, kí iná má kọjá. Kò sí ohun mìíràn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣíṣí ni à ń kọ ní 1, títì ni à ń kọ ní 0.

Apá mẹ́ta ni ọlọ pín sí. Èkíní ni adarí, tí ó ń ka àṣẹ tí ó sì ń sọ ohun tí ó kàn. Èkejì ni oníṣirò, tí ó ń ro nǹkan pọ̀, tí ó ń yọ ọ́ kúrò, tí ó sì ń wò ó bóyá nọ́ńbà méjì dọ́gba. Ẹ̀kẹta ni àwọn àwo kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ gan-an, níbi tí ohun tí à ń lọ̀ lọ́wọ́ máa ń wà fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Bí a bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ro 2 pọ̀ mọ́ 3, àṣẹ náà yóò lọ báyìí: "Mú ohun tí ó wà ní àyè 20 wá sínú àwo. Fi ohun tí ó wà ní àyè 21 kún un. Gbé èsì lọ sí àyè 22." Adarí yóò mú àṣẹ kìn-ín-ní wá, yóò túmọ̀ rẹ̀, yóò mú un ṣẹ, lẹ́yìn náà ni yóò mú èkejì wá. Mímú wá, títúmọ̀ àti mímúṣẹ: ìpele mẹ́ta yìí ni gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ lẹ́tà ni à ń kọ tàbí fíìmù ni à ń wò. Ohun tí ó jẹ́ kí ó dà bí idán ni ìyára rẹ̀.

Kí iṣẹ́ má baà dàrú, aago kan wà tí ó ń lù fún gbogbo wọn. Bí gúdúgúdú ṣe ń dún láìyẹsẹ̀ tí àwọn ìlù yòókù sì ń bá a rìn nínú ọ̀wọ́ dùndún, bẹ́ẹ̀ ni aago yìí ń ṣe fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Nínú kọ̀ǹpútà tábìlì tí IBM gbé jáde ní ọdún 1981, ìgbà mílíọ̀nù 4.77 ni aago náà ń lù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lónìí, ìlù bílíọ̀nù mélòó kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò jẹ́ ohun ìyanu mọ́.

2.3 Ìrántí Ojú-Iṣẹ́

Ọlọ kò lè di ẹrù púpọ̀ mú. Ibi tí ó ti ń mú àṣẹ àti ohun èlò ni ìrántí ojú-iṣẹ́. A lè fi í wé àwọn àpótí lẹ́tà tí ó wà ní iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́: àpótí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì mọ nọ́ńbà lè lọ tààrà sí èyí tí ó fẹ́ láì ṣí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Àyè 20, 21 àti 22 tí a mẹ́nu bà lókè yìí, irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ìrántí yìí ní àléébù kan tí gbogbo wa ti fi ojú rí. Nínú irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, iná kékeré tí a fi pamọ́ sínú àyè kọ̀ọ̀kan ni ó dúró fún 1, iná náà a sì máa jò bí omi inú agbè tí ó lu. Nítorí náà, ẹ̀rọ ní láti máa bu iná tuntun sí i, ó kéré tán ní ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná mànàmáná bá lọ, tí bátìrì kò sì sí, ohun gbogbo tí ó wà níbẹ̀ ti ṣègbé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ ojú ìwé mẹ́fà láì tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n sì mú iná lọ lójijì, kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé ìpínrọ̀ yìí fún un.

2.4 Àká Ìpamọ́

Àká ni ibi tí a ń kó iṣẹ́ sí kí ó lè di ọjọ́ mìíràn. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Nínú èyí àkọ́kọ́, àwo pẹlẹbẹ tí a fi èròjà mágnẹ́ẹ̀tì bò ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá kékeré kan sì ń kọ 0 àti 1 sí ara rẹ̀ nípa yíyí ojú mágnẹ́ẹ̀tì náà padà. Nínú èkejì, irú èyí tí ó wà nínú fóònù àti nínú fláàṣì tí à ń fi sápò, kò sí ohun tí ń yí. Iná ni a há mọ́ inú yàrá tóóró kan tí kò ti lè tètè jáde. Oríṣi méjèèjì kò nílò iná láti di ohun tí ó wà nínú wọn mú.

Kí ni kò wá jẹ́ kí ọlọ máa bá àká ṣiṣẹ́ tààrà? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àká gba ẹrù púpọ̀ ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ìrántí ojú-iṣẹ́ yára ṣùgbọ́n kò gba púpọ̀, kò sì ṣe é fi ọkàn tán. Nígbà tí a bá ṣí ìwé kan, ẹ̀dà rẹ̀ ni a gbé láti àká wá sí ojú-iṣẹ́. Nígbà tí a bá ní kí ẹ̀rọ tọ́jú rẹ̀, ẹ̀dà tuntun ni a dá padà sí àká, bí orúkọ wọn bá sì jẹ́ ọ̀kan náà, tuntun yóò gba ipò ti àtijọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí a fi gbólóhùn yìí sọ́kàn; a ó padà sórí rẹ̀.

2.5 Ojú àti Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Ojú kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Àmì tó-tò-tó tí ń tan ìmọ́lẹ̀ ni ó tò jọ. Ojú tí ó ní àmì 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró ní àmì 2,073,600 lápapọ̀, àmì kọ̀ọ̀kan sì ní iná pupa, iná àwọ̀ ewé àti iná àwọ̀ aró. Bí a bá rí *ọ* lójú rẹ̀, àwọn àmì kan ni ó ṣókùnkùn láàárín àwọn tí ó mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: yálà tádàwà olómi ni ó ń tu sílẹ̀ tàbí ẹ̀tù dúdú ni ó ń fi ooru lẹ̀ mọ́ ìwé, àmì tó-tò-tó náà ni ó ń tò. Ibo wá ni àwòrán lẹ́tà ti ń wá? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

3.0 Bí Nọ́ńbà Ṣe Ń Di Lẹ́tà

Ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà kò ju 0 àti 1 lọ. A máa ń to mẹ́jọ nínú wọn pọ̀ sí ọ̀wọ́ kan tí à ń pè ní báìtì. Iye ìrísí tí báìtì kan lè ní kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ojú kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí tàbí kí ó dé. Bí a bá ṣírò gbogbo ọ̀nà tí ó lè gbà balẹ̀, 256 ni, iye Odù Ifá gan-an. Iye kan náà ni báìtì ní. A kò sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà, tàbí pé ẹnì kan jí i lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ìṣirò ni ó pa wọ́n pọ̀: ohun méjì tí a bá tò ní ìlọ́po mẹ́jọ, 256 ni yóò bí.

Ṣùgbọ́n ìjọra kan wà tí ó wúlò fún àlàyé wa. Àmì Odù tí a tẹ̀ sójú ọpọ́n kì í ṣe ẹsẹ Ifá. Ó ń tọ́ka sí ẹsẹ ni. Inú babaláwo ni ẹsẹ wà. Bí a bá tẹ Odù kan síwájú ẹni tí kò kọ́ ẹsẹ rẹ̀, àmì náà pé, kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí nǹkan kan kì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nọ́ńbà lẹ́tà nínú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà 107 ń tọ́ka sí *k*, 111 ń tọ́ka sí *o*, ṣùgbọ́n àwòrán lẹ́tà náà wà ní ibòmíràn, nínú àkójọ àwòrán tí a ti kó sórí ẹ̀rọ náà.

Ta ni ó ń pín nọ́ńbà fún lẹ́tà? Ní ọdún 1963, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe àtẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ASCII. Àyè 128 ni ó ní, ó sì tó fún èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1987, àtẹ aláyè 256 kan tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù jáde. Nítorí Faransé, Ítálì àti Pọtogí, ó ní *à*, *á*, *è*, *é*, *ò*, *ó* àti irú wọn. A jẹ nínú àsè tí a kò dá. Ṣùgbọ́n kò ní *ẹ*, *ọ* àti *ṣ*. Èyí ni ó sún àwọn ará wa kan sí dídá àkójọ àwòrán tiwọn: wọ́n mú nọ́ńbà àmì tí a kì í lò, wọ́n sì ya *ẹ* tàbí *ọ* sídìí rẹ̀. Iṣẹ́ náà dára lórí ẹ̀rọ tiwọn. Lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, rúdurùdu ni yóò hàn.

Ní ọdún 1991 ni àtẹ Unicode kọ́kọ́ jáde, èyí tí ó fẹ́ fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà. Nínú rẹ̀, nọ́ńbà *ẹ* ni 7865, ti *ọ* ni 7885, ti *ṣ* sì ni 7779. Àwọn ará Vietnam náà ń lo *ẹ* àti *ọ*. Ṣùgbọ́n àmì ìsàlẹ̀ tí ó jẹ́ ìyàtọ̀ fáwẹ̀lì lọ́dọ̀ tiwa, àmì ohùn ni lọ́dọ̀ wọn. Èyí tí a kò fún ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ni *ọ̀*, *ọ́*, *ẹ̀* àti *ẹ́*. A ní láti kọ *ọ*, kí a wá fi nọ́ńbà àmì ohùn tẹ̀lé e, 768 fún ohùn ìsàlẹ̀, 769 fún ohùn òkè. Àwọn tí ó ń ṣe àtẹ náà kò sì ní fi lẹ́tà alápapọ̀ irú èyí kún un mọ́, nítorí pé a ti lè fi ohun tí ó wà nílẹ̀ tò ó.

Ní ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láti kọ Unicode sílẹ̀, *oko* gba báìtì 3. *Ọkọ* gba 7 bí a bá fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́, nítorí pé *ọ* kọ̀ọ̀kan gba 3. *Ọkọ̀* gba 9. Báìtì 2 péré ni ó wà láàárín ẹni tí a fẹ́ àti ohun tí a wọ̀.

4.0 Ìdájọ́

Ní báyìí, a lè pe àwọn ẹ̀yà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kíbọ́ọ̀dù kò jẹ̀bi, nítorí pé gbogbo àmì ni ó pé lójú kọ̀ǹpútà wa kí a tó jáde nílé. Ìrántí àti ọlọ kò jẹ̀bi. Nọ́ńbà ni wọ́n gbà, nọ́ńbà náà ni wọ́n sì dá padà. Fláàṣì tí a fi gbé iṣẹ́ náà kò jẹ̀bi. Báìtì 9 tí ó gbé kúrò nílé ni ó gbé dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pàápàá kò jẹ̀bi. Àwòrán tí a fún un ni ó tẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù náà ti pẹ́, àkójọ àwòrán lẹ́tà tí ó ń lò kò sì ní àwòrán fún nọ́ńbà 768 àti 769. Ìdí nìyí tí *bàtà* kò fi bàjẹ́: *à* ní nọ́ńbà tirẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́tà tí ó ní àmì lókè tí ó sì ní àmì nísàlẹ̀ nìkan ni ó fara gbá a. Babaláwo tí kò mọ ẹsẹ ni ẹ̀rọ náà. Dípò kí ó dákẹ́, ó ya onígun mẹ́rin.

Onígun mẹ́rin yẹn kì í ṣe òkú. Ohun tí ó ń wí ni pé, "nọ́ńbà kan wà níbí tí n kò ní àwòrán rẹ̀." Nọ́ńbà náà ṣì wà láàyè. Bí a bá ti dá iṣẹ́ náà padà sórí ẹ̀rọ tiwa, gbogbo àmì ohùn ìyá àgbà ni ì bá tún hàn. Ìgbà tí a pa onígun mẹ́rin rẹ́ ni báìtì 9 di 7. Ìgbà tí a sì tọ́jú rẹ̀ sórí ti àtijọ́, ní orúkọ kan náà, ni àká gbàgbé ohun tí ó mọ̀. Kọ̀ǹpútà kò sọ ohunkóhun nù. A pàṣẹ fún un ni. Ẹ̀bi náà kò sì dúró lórí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nìkan. Àwa tí a gbé ẹ̀dà kan ṣoṣo jáde nílé, tí a sì dúró tì í láì lè sọ fún un pé kí ó dáwọ́ dúró, ni a ni ìpín tí ó pọ̀ jù.

5.0 Ìmọ̀ràn

Láti inú àlàyé yìí, ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí ẹ̀ka wa fi ṣe ìwà. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa onígun mẹ́rin rẹ́. Kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ àkójọ àwòrán lẹ́tà, kí a sì wò ó bóyá àmì yóò hàn.

Èkejì, bí a bá ń gbé iṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, ẹ̀dà PDF ni kí a gbé lọ, nítorí pé a lè di àwòrán lẹ́tà mọ́ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀ gbé Odù lọ, ó gbé ẹsẹ rẹ̀ dání.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀dà iṣẹ́ tí a gbà lẹ́nu abẹ́nà ìmọ̀ má dín ní mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ilé mìíràn. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ gan-an ṣe pàtàkì ju ìdàkọ lọ. Kí a má ṣe fi í sílẹ̀ sórí fóònù nìkan.

Ẹ̀kẹrin, kí a fẹnu kò lórí ọ̀nà kan láti tẹ lẹ́tà wa. *Ọ̀* ṣe é tò ní ọ̀nà mẹ́ta: a lè fi 7885 àti 768 tò ó, a lè fi *o* lásán, àmì ìsàlẹ̀ 803 àti 768, a sì tún lè fi *ò* àti 803. Lójú, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú àká, nọ́ńbà wọn yàtọ̀ síra. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta bá tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta, ẹni tí ó bá wá *ọkọ̀* nínú àkójọ iṣẹ́ wọn lè rí ti ẹnì kan kí ó má rí ti àwọn yòókù, àyàfi bí ètò tí ó ń lò bá kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. A ti fi ẹnu kò lórí àkọtọ́ ní ọdún 1974. Kí a fi ẹnu kò lórí nọ́ńbà náà.

6.0 Ìkádìí

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà kò ṣòro láti mọ̀: ẹnu tí ó ń gba nọ́ńbà bọ́tìnnì, ọlọ tí ó ń lọ ohun tí a bá dà sí i, ìrántí tí ó yára ṣùgbọ́n tí ó ń jò, àká tí ó lọ́ra ṣùgbọ́n tí ó ń pamọ́, àti ojú tí ó ń ya àwòrán. A ti tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kan gba inú gbogbo wọn kọjá, a sì ti rí i pé ọ̀nà kò dí mọ́ Yorùbá níbikíbi. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sọnù ni ibi tí ènìyàn ti nawọ́ sí i láìmọ ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ojú ìwé ogójì náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. A ti dá àmì ohùn padà sí èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ dá wa lójú. Àwọn ìlà tí kò dá wa lójú, a fi wọ́n sílẹ̀ láì sàmì sí i, nítorí pé ohùn ẹni tí ó ti lọ kì í ṣe ohun tí a lè fi àbá dá padà.